Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Rísí: Bí Mo Ṣe Fẹ̀yìn Tì Nídìí Ẹ̀rọ Ata ní Kétu

Ẹ bá mi yọ̀ o! Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tẹ́ ẹ ń wojú ìyá yín pé iṣẹ́ wo ni kí n kọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi. Mo ti fẹ̀yìn tì! Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá ní òun fẹ̀yìn tì, ewú la máa ń wá lórí ẹ̀. Èmi ò ní ewú kankan. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tagétagé ni. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe ní Kétu ti mú ohun kan lọ lára mi, mo sì ti sá fún un kó tó mú ìkejì. Inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ló fà á, màá sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti ìdí ẹ̀ bọ̀, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ayọ̀ yẹn nìkan, ẹ ò ní mọ ohun tó ná wa.

Alọta ni mí. Níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí Ìkòsì, lábẹ́ páànù kan tí èéfín ti sọ di dúdú, ibẹ̀ ni gbogbo ìgbà ọmọge mi lọ sí. Ìgbà tí mo débẹ̀, GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni. Tẹ́nì kan bá ní in, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Màámi ń ta tàtàṣé ní Mile 12. Ìdánwò àṣejáde mi ò dáa, agbára àtitún un ṣe ò sì sí, ni wọ́n bá fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ìyá Rísí ẹlẹ́rọ. Ọ̀rọ̀ owó ò pẹ́ rárá, orí ìdúró ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Ìyá Rísí ò tiẹ̀ wojú mi. Orí mi ni wọ́n ń wò.

"Tú gèlè yẹn," ni wọ́n wí.

"Mà?"

"Mo ní kó o tú u! Tún ìró ẹ ró, kó o ki etí ẹ̀ bọnú dáadáa. Ohunkóhun tó bá ń fì lára ẹ, ẹ̀rọ yìí máa fà á. Ẹ̀rọ ò lójú, àmọ́ ó mọ aṣọ."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ìyá Rísí ò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn wọn ló ṣẹ́jú sí mi, ni mo bá mọ̀ pé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́. Rísíkátù nìyẹn, Rísí fúnra ẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ mi ni, ohùn ẹ̀ sì ga! Tí Rísí bá kí èèyàn ní Kétu, wọ́n á dáhùn ní Alápẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ó máa wúlò níwájú. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata wà níwájú, lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí i wà lẹ́yìn. Pákó la fi dá àárín wọn, kí èéfín má bàa wọ inú ẹ̀wà ẹlẹ́wà. Bẹ́líìtì gba inú ihò pákó kọjá láti ara ẹ́ńjìnnì wá sára ẹ̀rọ, okùn kan náà sì tún gba ibẹ̀: ẹni tó wà níwájú tó bá fa okùn yẹn, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn á sáré sí i.

Ìyá Rísí le, ẹ má tan ara yín. Kó o tó da ohunkóhun sẹ́nu ẹ̀rọ, o gbọ́dọ̀ fọwọ́ wá ìdí abọ́ ẹ̀. Tó o bá pààrọ̀ òkúta ẹ̀rọ, ìyẹn irin tó ń lọ ata nínú ẹ̀, tó jẹ́ pé tuntun ni, èèpo àgbàdo lo máa fi lọ ọ́ títí tí dúdú irin ò fi ní jáde mọ́, wàá dà á nù, oníbàárà ì báà máa bú ìyá ẹ. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Alákàrà gbé ẹ̀wà ẹ̀ wá, mo ní kí n fọwọ́ wá inú ẹ̀, inú bí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé síbí ni mo máa gbé sínú ẹ̀wà ni?"

Àfi ìgbà tí mo fa síbí yọ. Síbí ńlá! Rísí bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, àkàrà onírin lẹ fẹ́ dín fún wa lónìí." Ìyá Alákàrà fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Òfin tó wá ga jù ni pé funfun ló ń ṣáájú pupa. Ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí láàárọ̀ kùtù, tòmátì àti tàtàṣé lẹ́yìn ẹ̀, ata gbígbẹ ló ń kẹ́yìn, torí ẹ̀wà tó bá tẹ̀ lé ata, ọmọ tó bá jẹ ẹ́ á ké. Ìyàwó kan wà nílé àwọn onílẹ̀ ní Ìkòsì, a máa ń pè é ní Mọ́mì Onílẹ̀. Ata rodo ló gbé wá ní kùtùkùtù, ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ lọ.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó nilẹ̀ tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ yìí lé ni?"

Ìyá Rísí kúnlẹ̀ kí i dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ nilẹ̀, mà. Ẹ̀wà ló ni òwúrọ̀."

Ó dúró dẹ̀wà. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà ládùúgbò: ẹni tó bá fẹ́ gba iwájú ẹlòmíì níbi kànga tàbí níbi kẹrosíìnì, wọ́n á ní, "Ẹ̀wà ló ni òwúrọ̀ o!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé Kétu ò jù ariwo lọ, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti mọ̀ pé ìlú gidi ni. Ìyá Rísí sọ fún wa pé ìgbà táwọn kọ́kọ́ dé, igbó ló pọ̀ lọ́nà Ìkòsì, orí ọlọ ilẹ̀ ni kálukú ti ń lọ ata ẹ̀. Nígbà tèmi, àwọn Ìjẹ̀bú, àwọn Ìbò, àwọn Hausa tó ń kó ata sọ̀kalẹ̀ láti inú tírélà ní Mile 12, gbogbo wọn ló ń tò síbi kan náà. Torí ariwo ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ìka kan: lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìka méjì: tún un lọ. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara wọn: kó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá rárá gbọ́ tọwọ́. Mo ti rí tọkọtaya tó ń jà lórí títì, tí ìyàwó na ìka méjì sí ọkọ ẹ̀, ó yé gbogbo ọjà pé ó ní kí ọkọ lọ tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ!

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín àbí? Ẹ rọra.

Àṣálẹ́ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo délé, ẹ̀rọ ò sí lọ́dọ̀ mi mọ́, àmọ́ ó ṣì ń ké létí mi bíi kòkòrò. Mo sọ fún Ìyá Rísí láàárọ̀. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ní, "Ó máa lọ. Tó bá yá, gbogbo ẹ̀ á lọ." Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnu mi ni wọ́n ń kà. Wọn ò gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀rọ ti kó etí wọn lọ pátápátá, àfi ohùn kan: tí Rísí bá fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún wọn tó sì pariwo, wọ́n á gbọ́ ọ. Ohùn Rísí nìkan ló kù fún wọn láyé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣiṣẹ́? Àtẹ́lẹwọ́ ni. Ọwọ́ òsì wọn á wà lára ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ọ̀tún da ata. Láti ara irin yẹn ni wọ́n ti máa mọ̀ pé omi ti kéré, pé òkúta ti kú tí ò mú mọ́, pé ẹ̀wà ti ki jù tí ẹ́ńjìnnì ń jìyà. Tí irin bá ti ń wúwo lábẹ́ ọwọ́ wọn báyìí, wọn ò ní wojú ẹnikẹ́ni, wọ́n á fa okùn, ẹ́ńjìnnì á ta kìjí, ẹ̀wà á lọ. Àwọn mẹkáníìkì máa ń wá wò wọ́n, ẹnu á yà wọ́n. Èmi náà fẹ́ ní irú ọwọ́ yẹn. Mo máa ń ṣádùúrà ẹ̀.

Ààwẹ̀ ló wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Tẹ́ ẹ bá mọ Kétu nígbà ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun Ásárì ni gbogbo ayé ń gbé ẹ̀wà wá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe ìrun ìṣínu kí àkàrà má tíì jinná. Èrò ti tò dé títì. Ìyá Rísí wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, mò ń fọwọ́ wá ìdí abọ́. Rísí ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, ìborùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Dírọ́ọ̀mù omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti fẹ́ gbẹ, ìyá ẹ̀ juwọ́ sí i pé kó yára, kó lọ pọnmi sí i lẹ́yìn pákó. Ó sáré lọ bó ṣe wà.

Èmi ni mo gbọ́. Etí mi ṣì pé nígbà yẹn. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ń fà, ó ń wúwo, mo sì gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ ẹ̀. Mo gbójú sókè. Mo rí Ìyá Rísí tó tẹjú mọ́ ẹ̀wà, àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn lára irin. Mo rí i tí ojú wọn le díẹ̀, bó ṣe máa ń le tí ẹ̀wà bá ki. Wọ́n fa okùn.

Ẹ́ńjìnnì sáré sí i.

Mò ń pariwo, "Ẹ má fà á! Ẹ má fà á mọ́!" Ta ló máa gbọ́? Mo fò kọjá lórí abọ́ àwọn èèyàn, mo gba ẹ̀yìn pákó, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ohun tí mo rí níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́. Bẹ́líìtì ti gba ìborùn, ìborùn ti gba ọrùn.

Gbogbo ibẹ̀ wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́ Ìyá Rísí lódìkejì pákó, tí wọ́n ń bínú: "Ta ló pa á? Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á? Ẹ̀wà ò tíì lọ tán!"

Rísí kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ààwẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Kò sẹ́ni tó padà wá gbé ẹ̀wà ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abọ́ wọn wà lórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe tò ó, títí tí ẹ̀wà fi kan tó sì ń hó. Tí mo bá gbóòórùn ẹ̀wà tó kan títí dòní, mo máa ń jókòó sílẹ̀ ni.

Ìyá Rísí ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti sọ fún wọn. Wọ́n mọ bí irin yẹn ṣe wúwo lábẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì mọ ohun táwọn ṣe. Látọjọ́ yẹn, abẹ́ ìró ni ọwọ́ òsì wọn ń wà. Wọn ò fi kan ẹ̀rọ mọ́, wọn ò fi kan èèyàn mọ́. Tẹ́ ẹ bá na nǹkan sí wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á fi gbà á.

Wọ́n ti ẹ̀rọ pa. Àwọn obìnrin ń gbé ata wọn kọjá lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n á kí Ìyá Rísí, wọ́n á kọjá. Ẹni tó ṣí i padà ni Mọ́mì Onílẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà wá ní kùtùkùtù, ẹ̀wà funfun, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ìyá Rísí, ó sì kúnlẹ̀. Ìyàwó onílẹ̀, lórí eruku! Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, ó rọra là á kó lè hàn lẹ́nu ẹ̀: "Ẹ̀wà ló ni òwúrọ̀, mà." Ìyá Rísí wò ó títí. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Bọ́lá, ṣí i." Àwọn fúnra wọn ò dìde.

Bí mo ṣe di etí àti ọwọ́ wọn nìyẹn. Ọkùnrin kan wá láti Owódé Onírin, Wàsíù wẹ́dà, ó fi irin ṣe àgò bo bẹ́líìtì yẹn látòkè délẹ̀, kò gba nǹkan kan. Ó ń wá wò ó bóyá ó ṣì le dáadáa. Ó ń wá wò ó jù! Màámi ní, "Ṣé irin ló ń wá wò ní tòótọ́?" Mo fẹ́ ẹ. Ó máa ń dà bí ẹni pé ikú ọ̀rẹ́ mi ló gbé ọkọ fún mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ayé ń yí lọ. A ta ẹ́ńjìnnì ńlá àtijọ́, a gba èyí tó kéré tó sì ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ra mọ́tọ̀ oníná, èyí tí ò lariwo, iná ò wá, a gbé e kalẹ̀, àwọn adìẹ ń sùn lé e. Àwọn ìyàwó tuntun ń ra bílẹ́ńdà. Àmọ́ ìlà ò tán nídìí ẹ̀rọ wa, èmi ni mo sì dúró tì í láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú òwú létí. Òwú ò lè dá ìró yẹn dúró. Ó dàárọ̀ ọjọ́ kan, Wàsíù sọ̀rọ̀ sí mi láti apá òsì, mi ò dáhùn. Ó rò pé mò ń bínú.

Oyún ti wà nínú mi nígbà náà. Ní ọsibítù tí mo ti ń gba àyẹ̀wò oyún, nọ́ọ̀sì kan wo etí mi.

"Òsì yìí ti lọ o. Ọ̀tún ṣì wà. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń lọ ata, mà."

"Hẹn-ẹn. Tó o bá bímọ tán tó o padà sídìí ẹ̀rọ, ọ̀tún náà máa tẹ̀ lé òsì. Ọmọ á máa ké, wàá máa wo ẹnu ẹ̀."

Mo sunkún dé Kétu. Torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Rísí pè mí, tí wọ́n ní, "Bọ́lá, mi ò lẹ́nì kankan mọ́. Ẹ̀rọ yìí, ìwọ ni mo fún. Fìrídọ̀mù ẹ nìyẹn." Ẹ gbọ́, ọmọṣẹ́ wo ni wọ́n ń gbé ibi iṣẹ́ lódindi fún? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, abaramóorejẹ ni. Tí mo bá sì lọ, ta ló máa jẹ́ etí fún wọn? Tí mo bá dúró, kí ni màá fi gbọ́ ọmọ mi? Mi ò lè sọ ọ́. Mo kàn ń lọ ata, ikùn ń ga, mò ń wò ó.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé ọmọ lé Ìyá Rísí lápá. Apá ni wọ́n fi gbà á, àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn wà níta, ó dojú kọ afẹ́fẹ́, kò kan ọmọ. A ní ká sọ ọ́ ní Rísíkátù. Wọ́n mi orí. "Rárá. Orúkọ yẹn, mo ti pè é tí ò dáhùn." Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Bí wọ́n ṣe dárúkọ náà tán ni ọmọ yanu. Wọ́n wo ẹnu ẹ̀.

"Ṣé ó ń ké ni?"

Mo forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Báwo ni ohùn ẹ̀ ṣe rí?"

Mo gbé ẹnu sétí ọ̀tún wọn, mo pariwo bí Rísí ṣe máa ń pariwo, kò wọlé. Mo wá fọwọ́ sọ ọ́: mo na ọwọ́ sókè, mo là á gbòòrò, bá a ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rọ bá ń ké jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọ́n rí i pé etí ọ̀tún ni mo yí sí ọmọ. Ìyá Rísí ti ń ka ẹnu èèyàn tipẹ́, wọ́n lè ka orí náà.

"Òsì ti lọ?"

Mo dorí kodò.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi? Ìgbà tí ọ̀tún bá lọ?" Ohùn wọn le bíi ti ọjọ́ tí mo dé. "Bọ́lá. Má padà síbẹ̀ mọ́. Tí mo bá rí ẹ nídìí ẹ̀rọ, màá fi ọmọrógùn lé ẹ dé Mile 12. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Èmi rí ọmọ mi nígbà tó ń lọ, mi ò gbọ́ igbe ẹ̀. Lọ gbọ́ tìẹ."

Wàsíù tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó kó irin ẹ̀ lọ sí Owódé Onírin. Àgò bẹ́líìtì nìkan ni ò tà. Mọ́mì Onílẹ̀ gba abẹ́ páànù padà, wọ́n ti ń ta ike níbẹ̀ báyìí. A mú Ìyá Rísí wá sọ́dọ̀ wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni mò ń tà, ọjà tí ò lóhùn. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ burú o. Ó bọ́ wa. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ má kàn bi ọ̀gá pé kí lẹ máa rí gbà. Ẹ wo ara ọ̀gá, ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó wá ku tàárọ̀ yìí! Mò ń to bọ́tìnnì, mo kẹ́yìn sílẹ̀kùn. Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́yìn mi lórí ẹní, lẹ́bàá Ìyá Rísí. Mo sì gbọ́ ọ, etí ọ̀tún ló gbọ́ ọ, kedere bí omi: "Màámi." Kò sọ ọ́ rí! Mo fò sókè, bọ́tìnnì fọ́nká, mo yí padà. Ìyá Rísí rí mi bí mo ṣe yí, wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ti dún.

"Kí ló wí? Bọ́lá, kí ló wí?"

Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mo nawọ́ sí ọmọ. Ọmọ náà rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín kèékèé. Ìyá Rísí ń wo èmi, wọ́n ń wo ọmọ. Wọ́n wá yọ ọwọ́ òsì yẹn kúrò lábẹ́ ìró, ọwọ́ tí mi ò tíì rí lára èèyàn látọjọ́ ẹ̀wà yẹn. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé ẹ̀yìn ọmọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan nǹkan gbígbóná. Wọ́n dijú. Ẹ̀rín ń gba inú ẹ̀yìn kékeré yẹn bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Wọn ò gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Bọ́lá, dákẹ́, jẹ́ n gbọ́," ni wọ́n wí.